Ìjọba kò wọlé yín nítorí gílóòbù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè pé nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) lé gílóòbù àtijọ́, èyí tí wáyà tín-ín-rín ń gbóná tí ó sì ń tàn nínú rẹ̀, kúrò lọ́jà, ṣé kì í ṣe pé ìjọba wá ń pàṣẹ nínú ilé onílé ni. Ọ̀rọ̀ yín yé mi, àmọ́ ẹ wo òfin náà dáadáa. Oṣù Kẹsàn-án 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí 100 wáàtì. Nígbà tó fi di 2012, ó ti kan 40 àti 25 wáàtì. Gbígbé tuntun wá sọ́jà ni wọ́n dá dúró. Ẹni tó ní tirẹ̀ nílé ń tàn án lọ ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó wá ka gílóòbù ní àjà ẹnikẹ́ni.

Ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ gílóòbù àtijọ́ 60 wáàtì tó ti tàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ooru yẹn lẹ ń sanwó fún! Gílóòbù LED tòde òní, wáàtì 9 péré, ń fúnni ní ìmọ́lẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti gbè yín ni ti àwọn tí àìsàn awọ ara wọn kò gba ìmọ́lẹ̀ CFL, gílóòbù oní-túùbù tó kọ́kọ́ rọ́pò ti àtijọ́ (mákúrì, èròjà olóró, tún wà nínú CFL yìí). Àwọn yẹn ló yẹ kí wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún láti ọjọ́ kìíní.