Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Ló Kù Kí Àwọn Ọmọ Wa Lọ Díje Sáyẹ́ǹsì ní Ìlọrin: Ibo Ni Kí N Ti Mú Un?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Basic Science ni mò ń kọ́ ní ilé ìwé ìjọba kan ní Ọ̀mù-Àrán. Ọ̀gá àgbà wa ní kí n kó ọmọ mẹ́rin jọ láti JSS 1 títí dé JSS 3, pẹ̀lú ọmọ kan tí yóò jẹ́ àdèlé, ká lọ bá wọn díje ní Ìlọrin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà òní. Apá mẹ́ta ni ìdíje náà ní: ìbéèrè tí wọ́n ń sáré tẹ agogo dáhùn, iṣẹ́ àfọwọ́ṣe inú lábù, àti afárá tí àwọn ọmọ fúnra wọn yóò fi igi àti gọ́ọ̀mù nìkan ṣe. Afárá náà gbọ́dọ̀ ré àlàfo 35 sẹ̀ǹtímítà kọjá, kò gbọdọ̀ wúwo ju 60 gíráàmù lọ. Àárín rẹ̀ ni wọn yóò so bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́, wọn yóò máa da iyanrìn sí i títí yóò fi kán tàbí títí yóò fi pé kílò 15. A ò ní lábù, owó tí wọ́n sì fún mi kò tó nǹkan. Ibo ni kí n ti mú un?

Ìdáhùn

Ẹ kú làálàá àwọn ọmọ o. Ibi afárá ni kí ẹ ti mú un, láti ọ̀sẹ̀ yìí gan-an. Òun ló máa gbà yín lákòókò jù, òun náà sì ni ibi tí ilé ìwé tí kò ní lábù ti lè gba iwájú ilé ìwé olówó. Gọ́ọ̀mù ò mọ ọmọ olówó yàtọ̀.

Kí ẹ tó ra igi kan ṣoṣo, ẹ jókòó ti ìwé òfin tẹ̀yin ti rúlà. Wọ́n ní àlàfo 35. Afárá tó bá gùn ní 35 gééré, inú àlàfo ni yóò já sí, nítorí kò ní ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé. Ẹ ṣe é ní 40, kí sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lè jókòó sórí tábìlì níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Àìmọye afárá ni wọ́n ti lé dànù nítorí èyí kí iyanrìn tó kàn wọ́n. Ẹ tún béèrè irú ọ̀pá tí wọn yóò fi so bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ àti bó ṣe nípọn tó, kí àyè rẹ̀ ti wà láàárín afárá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń fún un ní máàkì pẹ̀lú. Nínú Science Olympiad, ìyẹn ìdíje sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ ilé ìwé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìwọ̀n ẹrù tí afárá gbé ni wọ́n ń fi ìwọ̀n afárá fúnra rẹ̀ pín. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín, afárá 30 gíráàmù tó gbé kílò 9, ìyẹn gíráàmù 9,000, ti gba 300. Èyí tó wúwo tó 55 gíráàmù tó sì gbé kílò 13 kò gbà ju 236 lọ. Ọmọ tí kò mọ èyí yóò máa to igi lé igi, yóò máa rò pé òun ń fún afárá lágbára.

Igi tó dára tí kò wọ́n ni igi ọparun tí àwọn onísùyà fi ń gún ẹran. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò gùn tó 40, nítorí náà ẹ óò lẹ méjì pọ̀. Kí orí ọ̀kan gun ti èkejì ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ó kéré tán, kí ibi ìlẹ̀pọ̀ náà má sì bọ́ sí àárín, nítorí àárín ni ẹrù wà. Ẹ̀yìn ọparun máa ń dán, gọ́ọ̀mù kì í sì í mú ibi tó bá ń dán. Ẹ fi sáńpépà yọ dídán náà kúrò ní gbogbo oríkèé. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni kí ẹ rà. Kí wọ́n fi í pa igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí wọ́n fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há a, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí ẹrù tó kàn án. Gọ́ọ̀mù tó ń gan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ máa ń wu àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ó ń já pàì bí ẹrù bá mì lójijì, ó sì ń lẹ ìka mọ́ra. Ẹ fi pamọ́ fún àtúnṣe, ọwọ́ yín nìkan ni kó sì máa wà.

Ẹ ya ẹ̀gbẹ́ afárá sórí páálí bó ṣe máa tóbi gan-an. Ẹ la ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ẹ tẹ́ ẹ lé àwòrán náà, kí wọ́n máa to igi sórí rẹ̀, nítorí gọ́ọ̀mù funfun kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Orí àwòrán kan náà ni kí ẹ ti ṣe ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí wọ́n lè bá ara wọn dọ́gba.

Igun mẹ́ta mẹ́ta ni kí gbogbo igi inú rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá ti gba Jẹ́bà kọjá ti rí i lára irin afárá rélùwéè tó wà níbẹ̀. Igun mẹ́rin máa ń yẹ̀ bí a bá tì í, igun mẹ́ta kì í yẹ̀ àyàfi bí igi rẹ̀ bá ṣẹ́. Gíga rẹ̀ ńkọ́? Bí ẹrù kílò 15 bá wà láàárín, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbé kílò méje ààbọ̀. Bí afárá bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 4, nǹkan bíi kílò 16 ni yóò máa fa igi ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá ga ní 8, ó di nǹkan bíi kílò 8. Àmọ́ bó bá ti ń ga ni àwọn igi tó dúró nínú rẹ̀ ń gùn sí i, igi tó gùn ni ìnira sì máa ń tẹ̀. Mẹ́jọ ni mo fara mọ́. Kí gbogbo ọmọ náà mọ èyí: igi ìsàlẹ̀ ń nà, igi òkè ń fún pọ̀. Èyí tó ń fún pọ̀ ló máa ń ṣe wàhálà, nítorí ó lè tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìtíì ṣẹ́. Bí ẹ bá fi igi kékeré kan dè é mú ní ìdajì gígùn rẹ̀, agbára tí yóò fi kọ̀ láti tẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Igi tín-ín-rín kan tí kò tó gíráàmù méjì ló ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ẹ ò ní sikéèlì? Ẹ fi òwú so rúlà kọ́ ní àárín gẹ́lẹ́, kí ẹ so ife ike méjì tó bára mu mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì. Ẹ so afárá mọ́ abẹ́ ife kan, kí ẹ fi síríńjì kẹ́mísì máa fún omi sínú èkejì títí rúlà yóò fi dúró gbọọrọ. Mìlílítà omi kan jẹ́ gíráàmù kan. Ìgbà tí gọ́ọ̀mù bá gbẹ tán ni kí ẹ tó wọ̀n ọ́n o, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwọ̀n gọ́ọ̀mù tútù tó jẹ́ omi.

Ẹrù ìdánwò náà wà nílẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, sẹ̀ǹtílítà 50, ìdajì kílò ni. Àpò kan tó ní ogún jẹ́ kílò 10. Ẹ fa tábìlì méjì síra títí àlàfo àárín wọn yóò fi jẹ́ 35, ẹ so bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ kí ìdí rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún péré ga sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ fóòmù àlòkù sábẹ́ rẹ̀. Kí ọmọ kan máa gbé omi sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òmíràn máa kọ ọ́, kí ẹnì kan máa fi fóònù ya fídíò láti ẹ̀gbẹ́. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ gbé ojú sún mọ́ ọn láìwọ gíláàsì, nítorí ọparun tó bá ṣẹ́ lè ta sójú.

Bó bá kán, ariwo tí wọn yóò kọ́kọ́ pa ni “kílò mélòó ló gbé?” Ìbéèrè tó wúlò ni “ibo ló kọ́kọ́ lọ?” Bí gọ́ọ̀mù bá ṣí kúrò tí ara igi sì mọ́ tónítóní, ẹ ò fi sáńpépà yọ dídán rẹ̀ tó, tàbí kò tíì gbẹ. Bí gọ́ọ̀mù bá ya lára igi lọ, gọ́ọ̀mù yín dára, igi ló dé òpin agbára rẹ̀. Bí igi òkè bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gùn jù láìsí ìdè. Bí gbogbo afárá bá fi ẹ̀gbẹ́ kan lé ilẹ̀ bí ọ̀mùtí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọn ò dè mọ́ra láti òkè, tàbí okùn bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kò sí láàárín. Ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n yí padà lára afárá tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá yí mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ẹ kán mẹ́ta kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó parí. Ẹ̀kẹrin ni ti ìdíje, ẹ má sì gbé ju kílò mẹ́ta kọ́ ọ láti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí oríkèé tó ti jìyà lẹ́ẹ̀kan kì í padà sí bó ṣe wà. Bó bá jẹ́ àkókò òjò, igi máa ń fa ọ̀rinrin mu, afárá tó jẹ́ 58 gíráàmù lánàá lè ré 60 kọjá láàárọ̀ ìdíje. Inú ike tó ní ìdérí, pẹ̀lú ìrẹsì tí a kò sè tó gbẹ dáadáa nínú ìbọ̀sẹ̀ mímọ́, ni kó máa sùn. Nígbà ọyẹ́, òdìkejì ni: gọ́ọ̀mù ń gbẹ lójú kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó gbẹ, àwọn ọmọ á sì rò pé ó ti tó. Wákàtí 24 náà ṣì ni.

Ní ti iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, ilé ìdáná yín tó lábù ṣe. Ẹ se òdòdó sobo nínú omi díẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, ó di ohun tí a fi ń mọ omi kíkan yàtọ̀. Yóò pọ́n sí i nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, yóò sì di àwọ̀ ewé nínú omi káún tàbí omi eérú. Ẹ kó iyọ̀, ṣúgà, sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, káún lílọ̀ àti sítáàṣì sínú ife márùn-ún tí a kò kọ orúkọ sí, kí wọ́n wá ẹni tí kálukú jẹ́ láìtọ́ ọ wò. Áyódììnì láti kẹ́mísì máa sọ sítáàṣì di dúdú bí aró. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣubú ni pé ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń hó lórí sódà, ó sì ń hó lórí káún náà. Híhó nìkan kò tó, ẹ da sobo sí i: káún máa ń gbé e sí àwọ̀ ewé ju sódà lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ dán àwọn èyí tí wọ́n mọ̀ wò, kí wọ́n kọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan èyí tí wọn kò mọ̀.

Ẹ kọ́ wọn ní kíka ìwọ̀n omi pẹ̀lú. Ojú wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú omi, ìsàlẹ̀ ibi tó tẹ̀ kòtò ni kí wọ́n sì kà. Bí wọ́n bá so òkúta mọ́ òwú tó ń fì, kí wọ́n ka àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ mẹ́wàá, kí wọ́n fi mẹ́wàá pín àkókò rẹ̀. Òwú mítà kan gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì fún àlọ àti àbọ̀ kan. Bí tiyín bá ń fún yín ní 1.8 nígbà gbogbo, ọmọ náà ti ka “ení” nígbà tó yẹ kó ka “òdo”, mẹ́sàn-án ló kà.

Ìbéèrè agogo kò gbà pé kí ẹ pa ara yín. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń fìyà jẹ ẹni tó bá já lu ìbéèrè. Nínú National Science Bowl, ìdíje ìbéèrè agogo àwọn ọmọ ilé ìwé ní Amẹ́ríkà, ìdáhùn tó tọ̀nà sí ìbéèrè àkọ́tẹ̀ gba máàkì 4, ó sì ń ṣílẹ̀kùn ìbéèrè àfikún tó jẹ́ 10. Ẹni tó bá já lu ìbéèrè tó sì ṣì í, ó fi 4 ta ẹgbẹ́ kejì lọ́rẹ. Ẹ fi ìdérí ìkòkò ṣe agogo. Ìbéèrè tó ní “èwo ni KÌ Í ṣe” nínú ló ń mú àwọn oníwàǹwára, ẹ máa fi irú rẹ̀ dán wọn wò léraléra.

Mo fi yíyan ọmọ sẹ́yìn nítorí ó dìgbà tí ẹ bá mọ iṣẹ́ kí ẹ tó mọ òṣìṣẹ́. Ẹ má kàn mú ẹni kìíní sí ẹni kẹrin nínú kíláàsì. Ẹ fún ọmọ mẹ́wàá ní igi méjì, sáńpépà àti gọ́ọ̀mù, ẹ wo ẹni tí kò kánjú. Ẹ wá ọmọ kan tó ń ṣírò láìka ìka, àti ọ̀kan tó ń gbọ́ ìbéèrè tán kó tó dáhùn. Ẹgbẹ́ Science Olympiad jẹ́ ọmọ 15 fún ìdíje 23, méjì méjì ni wọ́n sì ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀: kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọmọ méjì, kí ọ̀kan wá láti JSS 1, nítorí ẹni JSS 3 máa ń ṣe Junior WAEC lọ. Ẹ béèrè ẹni tó ń lọ ilé kéú nírọ̀lẹ́ kí ẹ tó dá ọjọ́. Àárọ̀ Sátidé ló máa ń rọ gbogbo wọn lọ́rùn jù.

Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ má gbé afárá sí búùtù ọkọ̀. Inú páálí tó ní fóòmù yíká ni kó wà, lórí ẹsẹ̀ àdèlé yín, láti Ọ̀mù-Àrán títí ẹ ó fi gba Àjàṣẹ́ dé Ìlọrin. Kí gọ́ọ̀mù kíákíá wà nínú àpò yín, pẹ̀lú igi ọparun méjì tí ẹ ti fi sáńpépà yọ dídán wọn kúrò.