Ẹ má fi "wọ́n" túmọ̀ rẹ̀: èsì fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní non-binary lòun

Ẹ kú àárọ̀ o, ìyá wa. Mo ka ìbéèrè yín lóru àná, oorun dá lójú mi. Ẹ ní ọmọ yín tó wà ní yunifásítì ní òun kì í ṣe obìnrin, bẹ́ẹ̀ ni òun kì í ṣe ọkùnrin, pé non-binary lòun, kí ẹ máa fi "they" pe òun dípò "she", nítorí "they" kì í sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀kan náà ni èyí àti transgender, àti bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ fún màmá yín ní Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní 2018, ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún 17. Obìnrin ni wọ́n kọ sínú ìwé ìbí rẹ̀. Ọdún kẹrin tí mo dé London nìyẹn. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọjà, mo gbọ́ ti ibi iṣẹ́, àmọ́ mi ò gbọ́ ti dókítà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún wa lọ́dọ̀ dókítà. Kọ̀ǹpútà ni dókítà ń wò, kò wojú mi. Wọ́n pe ògbufọ̀ kan sórí fóònù. Dókítà sọ̀rọ̀ gígùn, mo gbọ́ "gender dysphoria" nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ògbufọ̀ bá ní, "Màmá, wọ́n ní àrùn ọpọlọ ló ń ṣe ọmọ yín, obìnrin bíi tiẹ̀ ló fẹ́ máa fẹ́." Ọmọ mi gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó yíjú sí mi, ó ń retí kí n sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹkún ni mo bú sí.

Láti ibẹ̀, ilé àdúrà. Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ààwẹ̀, omi àdúrà, ìkúnlẹ̀ lóru. Ní ọjọ́ kejìlélógún, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, mi ò sì gbóhùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Mo máa ń lọ dúró níbùdókọ̀ tó wà lójú ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ láàárọ̀, kí n ṣáà fojú rí i pé ó wà láàyè. Tó bá ti rí mi, á sọdá sí òdìkejì títì.

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, níbi tí mo ti ń ṣe ìtọ́jú àwọn arúgbó, ló là mí lójú. Ó ní dysphoria kì í ṣe wèrè. Ìnira ọkàn ni, irú èyí tó ń bá ẹni tí ara rẹ̀ àti ohun tó mọ ara rẹ̀ sí kò bára mu. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ transgender tí ìnira yìí kò bá rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò lára àrùn ọpọlọ nínú ICD-11, ìwé tí wọ́n fi ń to àìsàn lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019. Oṣù mẹ́jọ ọmọ mi bá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sanwó fún ẹnì kan láti túmọ̀! Inú ṣì ń bí mi di òní. Bí wọ́n bá pe ògbufọ̀ fún yín, ẹ ní kí dókítà kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ gbé e lọ fún ẹlòmíràn kà.

Transgender ni ẹni tí ohun tó mọ ara rẹ̀ sí yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ fún un nígbà tí wọ́n bí i. Non-binary kò gba ọkùnrin tàbí obìnrin tán. Ọ̀pọ̀ wọn ka ara wọn mọ́ transgender, àwọn kan ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ yín ló máa sọ tiẹ̀. Intersex, ọ̀rọ̀ bí ara ṣe rí látìgbà ìbí nìyẹn. Ẹni tí ọkàn èèyàn ń fà sí láti fẹ́, ọ̀tọ̀ tún nìyẹn. Ibẹ̀ ni ògbufọ̀ mi ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀.

"They" wàyí. Ẹ má fi "wọ́n" túmọ̀ rẹ̀. Mo dán an wò lórí fóònù, mo ń sọ nípa ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan pé "wọ́n ti jẹun," ìyá mi ní àgbàlagbà wo ló wá kí mi. "Ó" ti tó. "Ó ti dé": ta ló mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo? Ọmọ, àbúrò, ẹ̀gbọ́n, ìkankan nínú wọn ò sọ ọ́. Ìyàwó ilé ń pe ọmọbìnrin ilé ní "ọkọ mi," kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó ti máa ṣọ́ ẹnu. Tí ẹ bá ṣì í pè, ẹ tún un sọ, kí ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá pe ọmọ yín ní "adódì" tàbí "akíríboto," ẹ dá a lẹ́kun lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ìwé o. Òfin ọdún 2004 tó wà ní Britain, èyí tí èèyàn fi ń yí akọ tàbí abo padà lórí ìwé, ọkùnrin àti obìnrin nìkan ló mọ̀, kò sì sí X, àmì ẹni tí kì í ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, nínú pásípọ́ọ̀tù wọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ti dá ẹjọ́ lórí X yẹn ní 2021, ìjọba ló jàre. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun bá yín gba pásípọ́ọ̀tù X, olè ni. Nígbà tí ọmọ mi ní kí wọ́n kọ òun sílẹ̀ bí ọkùnrin ní NHS, ètò ìlera ìjọba Britain, nọ́ńbà tuntun ni wọ́n fún un, ẹnì kankan ò sì sọ fún wa pé lẹ́tà àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí obìnrin láti ọdún 25, kò ní í wá mọ́. Ara rẹ̀ ṣì nílò àyẹ̀wò yẹn! Òun fúnra rẹ̀ ló ní láti lọ béèrè. Tí ẹ bá sì ń bọ̀ nílé, orúkọ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bá ti pásípọ́ọ̀tù mu.

Màmá yín ní Ìbàdàn. Orúkọ tí a sọ ọmọ mi lọ́jọ́ kẹjọ, tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ́ ẹ, òun náà ló ṣì ń jẹ́. Oríkì ló le. Àbẹ̀kẹ́ ni ìyá mi ń kì í, obìnrin ló sì ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Mo ní kí màmá jáwọ́. Ọmọ mi ló gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní kí ìyá àgbà máa kì í lọ, pé ohùn wọn lòun ń gbọ́ níbẹ̀. Tiyín lè má fẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Ẹ bi í kí ẹ tó pe Ìbàdàn.