Àfọ́kù dúdú tó ń dán: ṣé obsidian ni, níbo ló sì ti wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta, la bá rí àfọ́kù dúdú kan tó ń dán, etí rẹ̀ mú bí abẹ. Wọ́n ní obsidian ni, táwọn ará àtijọ́ fi ń ṣe ọ̀bẹ. Báwo la ṣe lè mọ ibi tó ti wá?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́ ná. Òkè ayọnáyèéfín ló ń pọ obsidian jáde: òkúta yíyọ́ tó tètè tutù, tí kò ráyè di hóró. Òkúta Abẹ́òkúta, títí kan Olúmọ, abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti rọra tutù, ìdí nìyẹn tójú fi ń rí hóró inú rẹ̀. Obsidian kì í sí nírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ òun lóòótọ́, ọwọ́ èèyàn ló gbé e débẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń fura sí ni ìdàrọ́ (pàǹtí tó ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá yọ́ irin) tàbí àfọ́kù ìgò ọtí àtijọ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn etí rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ jù. Bó bá mọ́lẹ̀ bí ewé tútù, tí ara rẹ̀ sì tẹ̀ kọrọdọ, ìgò ni mo máa pè é. Ìdàrọ́ sábà máa ń ní ihò afẹ́fẹ́ àti ìpẹtà, mágínẹ́ẹ̀tì sì lè fà á.

Ẹ tún wọ̀n ọ́n lórí sikélì àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ife omi sórí sikélì, ẹ dá a padà sí òdo, kẹ́ ẹ fi òwú so òkúta náà rọ̀ sínú omi láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀. Ẹ fi iye tó bá hàn pín ìwọ̀n àkọ́kọ́. Obsidian máa ń tó 2.4, gíláàsì ìgò bíi 2.5, ìdàrọ́ sábà máa ń ju 3 lọ. Ṣùgbọ́n ihò inú ìdàrọ́ lè mú kó fúyẹ́, kó sì tan yín jẹ.

Bí àwọn àyẹ̀wò yìí bá fi hàn pé ó lè jẹ́ obsidian, ẹ̀rọ XRF ló kù, èyí tó ń fi ìtànṣán X-ray mọ èròjà inú òkúta. Kò ní fọ́ ọ. Ó ń ka àwọn èròjà bíi rubidium, strontium àti zirconium inú rẹ̀, torí pé bí wọ́n ṣe pọ̀ sí lórí òkè kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Àwọ̀ kò ṣeé gbára lé; òkè kan náà lè mú dúdú àti eérú jáde. Láti 1964 ni àwọn onímọ̀ méjì, Cann àti Renfrew, ti fi irú ìṣirò èròjà bẹ́ẹ̀ tọpa obsidian agbègbè Òkun Mẹditaréníà. Àfọ́kù tí kò nípọn tó mìlímítà 2 ń fa àṣìṣe: ìtànṣán ń gba inú rẹ̀ kọjá, zirconium á wá kéré jù, èsì á sì tọ́ka sí òkè tí kì í ṣe tirẹ̀. Bákan náà, òkè tí wọn kò tíì mú àpẹẹrẹ òkúta rẹ̀ kò lè bá a mu. Àpẹẹrẹ ti Naivasha ní Kẹ́ńyà àti ti Ẹtiópíà ti wà nílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fáníìṣì tàbí ọ̀dà kàn án. Omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó. Ẹ wọn jíjìn ibi tó wà, ẹ yà á ní fọ́tò pẹ̀lú rúlà, kẹ́ ẹ sì kọ gbogbo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré síbẹ̀. Bí ọ̀rá tàbí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù bá wà nínú iyẹ̀pẹ̀ kan náà, ilẹ̀ tí wọ́n ti tú tẹ́lẹ̀ nìyẹn.