Ẹ Bi Wá: Báwo ni Kòkòrò Inú Irú Ṣe Ń Jẹun?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ọjà Àtàkúnmọ̀sà ni ìyá mi ti ń ta irú. Olùkọ́ wa ní bakitéríà ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n bakitéríà kò ní ẹnu. Báwo ló ṣe ń jẹun? Kí ló ń rùn bẹ́ẹ̀? Kí nìdí tí ìyá mi fi ń bu iyọ̀ sí i? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Bakitéríà tí à ń pè ní Bacillus subtilis ni gbajúmọ̀ inú iṣẹ́ yìí, ìta ara rẹ̀ sì ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń dà kí ó tó wọlé. Bí ìyá rẹ bá ti se èso irúgbá, tó bó o, tó tún un sè, tó dà á sínú apẹ̀rẹ̀, tó sì fi ewé àti aṣọ bò ó kí ooru má bàa jáde, kòkòrò náà á tú ẹ́ńsáìmù sórí èso náà, èyí tí ń gé pùrótéènì inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́.

Ògiri tó yí bakitéríà yìí ká dà bí asẹ́, ṣùgbọ́n awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ abẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nǹkan kọjá láìgba ẹnu ọ̀nà. Ṣúgà ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ègé pùrótéènì tó ní ẹyọ amínò ásíìdì (èròjà tí a fi mọ pùrótéènì) mẹ́ta sí márùn-ún náà ní tirẹ̀, agbára sì ni kòkòrò náà ń ná kí ó tó gbé e wọlé.

Ibi tó wú mi lórí jù nìyí: ilẹ̀kùn tí oúnjẹ yìí ń gbà wọlé náà ni ìròyìn ń gbà. Bakitéríà kọ̀ọ̀kan ń tú ègé kékeré kan síta. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ ni ègé wọ̀nyí ń pọ̀, tí wọ́n sì ń wọlé padà, kálukú á sì mọ̀ pé àwọn ti di èrò. Bí oúnjẹ bá wá ń tán, ọ̀pọ̀ wọn á ká ara wọn mọ́ inú èèpo líle tí omi híhó kì í tètè pa. Àwọn tó bá yè bẹ́ẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èso tuntun; ìdí nìyí tí ìyá rẹ kì í fi í ra ìwúkàrà kankan.

Amóníà wà lára ohun tó ń ta sí ọ nímú. Náítírójìn inú pùrótéènì ju èyí tí kòkòrò náà nílò lọ, àṣẹ́kù rẹ̀ a sì di amóníà, èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò nílò ilẹ̀kùn kó tó jáde.

Ní ti iyọ̀, omi ara bakitéríà ló ń fà jáde. Kòkòrò náà á sáré kó àwọn nǹkan kéékèèké kan wọlé láti fi di omi rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń ṣe èyí ni ì bá fi dàgbà. Bí iyọ̀ bá pọ̀ tó, á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, irú náà á sì pẹ́ kí ó tó bàjẹ́.