Kọ́sítíìkì sódà nìkan kì í sọ sítáàṣì pákí di modified starch tí oníyógọ́ọ̀tì ń wá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sítáàṣì pákí ni mo ń ṣe, àwọn oníyógọ́ọ̀tì ló ń rà á. Wọ́n ní tó bá ti sùn ọjọ́ méjì ní fíríìjì, omi á máa dá dúró lórí rẹ̀, pé modified starch (sítáàṣì tí wọ́n ti yí ìwà rẹ̀ padà) làwọn ń fẹ́. Ẹnìkan ní kí n po kọ́sítíìkì sódà mọ́ ọn. Ṣíbí mélòó ló máa wọ kílò kan?

Ìdáhùn: Odindi ṣíbí kan kọ́, ìdajì kọ́. Ẹ má fi sí i rárá. Ẹni tó ń pín ìmọ̀ràn yìí kiri ń ba ọjà ọlọ́jà jẹ́.

Ṣúgà glucose tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ ni sítáàṣì. Tí ẹ bá sè é, okùn ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí á tú, wọ́n á mu omi. Tó bá tutù, wọ́n á tún máa fún mọ́ra, wọ́n á fún omi jáde. Ẹ̀kọ tó pẹ́ ní fíríìjì ò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìkọ́ mẹ́ta. Irú èyí tí oníyógọ́ọ̀tì sábà máa ń rà, nǹkan ti so mọ́ díẹ̀ nínú ìkọ́ wọ̀nyẹn: acetyl, tí kì í jẹ́ kí okùn fún mọ́ra, tàbí phosphate, tó ń de okùn kan mọ́ ìkejì kí hóró sítáàṣì má bàa fọ́ nínú yógọ́ọ̀tì tó kan. Kọ́sítíìkì ò so nǹkan kan mọ́ ibì kankan. Ilẹ̀kùn ló ń ṣí. Tẹ́ ẹ ò bá pe àlejò, ta ni yóò wọlé? Tó bá kéré, tẹ́ ẹ sì fi ásíìdì pa á, sítáàṣì àná náà lẹ máa bá níbẹ̀, òun àti iyọ̀. Tó bá pọ̀, á jinná láìrí iná: hóró á wú, á bẹ́, odindi báàfù á di gọ́ọ̀mù tí kò ṣeé fọ̀, tí kò ṣeé sá. Àwọn tó ń lẹ páálí ló ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa mu yógọ́ọ̀tì yín o.

Níléeṣẹ́, kílò 35 sí 40 sítáàṣì ló ń wà nínú àpòpọ̀ 100 kílò pẹ̀lú omi, ní nǹkan bíi 25 sí 30°C. Wọ́n á máa kán acetic anhydride, kẹ́míkà tó ń gbé acetyl wá, sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa kán omi kọ́sítíìkì tẹ̀ lé e kí pH (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó) má kúrò láàárín 8 sí 8.5. Tó bá fò kọjá ibẹ̀, omi ni anhydride á máa bá jà, èyí tó ti so á tún máa já. Wọ́n á wá fi ásíìdì sọ pH kalẹ̀ sí bíi 5, wọ́n á fọ̀ ọ́ léraléra, wọ́n á rọra gbẹ ẹ́. Nínú oúnjẹ, acetyl ò gbọ́dọ̀ ju 2.5% lọ.

Ẹ má lọ dán èyí wò lẹ́yìnkùlé. Acetic anhydride ń jó ara, èéfín rẹ̀ ń jó ojú àti ẹ̀dọ̀fóró, ó sì wà lára kẹ́míkà tí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 1988 lórí oògùn olóró ń ṣọ́.

Kí oníbàárà yín lọ ra èyí tí wọ́n kọ E1414 tàbí E1442, nọ́ńbà modified starch fún oúnjẹ, sí lára. Tiyín ṣì níye lórí lọ́dọ̀ oníbísíkíìtì àti alágbàfọ̀. Kí oníyógọ́ọ̀tì tó sanwó ọ̀pọ̀ àpò modified starch, kó po gíráàmù 5 nínú rẹ̀ mọ́ omi 100 mililita, kó sè é títí yóò fi mọ́ gaara, kó gbé e sí fírísà mọ́jú, kó jẹ́ kó yọ́. Tó bá rí jágbajàgba bíi kànrìnkàn, tí omi dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sítáàṣì lásán ni wọ́n dì sínú àpò olówó ńlá.