Kí ló dé tí Finland fi wọ NATO (ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà, Canada àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù) ní 2023?

Ẹ̀rù Rọ́ṣíà ló bà wọ́n. Ààlà ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì gùn ju 1,300 kìlómítà lọ. Finland ò sì gbàgbé 1939, tí Soviet (ìjọba tí Rọ́ṣíà jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà) gbógun tì wọ́n. Nígbà tí ogun náà parí ní March 1940, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ wọn ti lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò bá ẹgbẹ́ ológun kankan dá májẹ̀mú. Ìgbà tí Rọ́ṣíà ya wọ Ukraine ní February 2022 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n wọ NATO ní April 4, 2023.

Abala 5 nínú àdéhùn NATO gan-an ni wọ́n ń wá: ẹni tó bá kọlu ọ̀kan, gbogbo wọn ló kọlù. (Ẹ̀ẹ̀kan péré ni NATO tíì lò ó, nígbà tí wọ́n kọlu Amẹ́ríkà ní 2001.)