Kì í ṣe inú ìkòkò ọbẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá o. Mo ka ohun tí ẹ kọ láti Ṣàgámù: pé ẹ̀yin àti ọkọ yín lẹ jọ ń ṣiṣẹ́, àwọn ìbejì àti Ìdòwú wà nílẹ̀, owó kì í dé ìdajì oṣù, ẹ ti yọ ẹyin àti mílíìkì kúrò nínú oúnjẹ àwọn ọmọ, síbẹ̀ kò hàn lára owó. Ẹ ní kí ẹni tó bá ti la irú ẹ̀ kọjá sọ bó ṣe dín rírà kù, tí ará ilé ọkọ ò fi ní pe èèyàn ní ahun.

Èmi náà ti là á kọjá. Télọ̀ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Apá ọ̀dọ̀ yín ni ọkọ mi ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ nígbà tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà di nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Owó tó fi ń lọ tó fi ń bọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó oúnjẹ. Kò sí bá a ṣe fẹ́ ṣe é, àfi ká jókòó ká wo ibi tí owó ń gbà jáde.

Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé kí ẹ dá ẹyin yẹn padà fún àwọn ọmọ. Ẹni tí ọwọ́ bá ti há, ibi oúnjẹ ló ti máa ń gé e, torí pé ojoojúmọ́ lojú ń rí oúnjẹ, kò sì sẹ́ni tí a máa bẹ̀ ká tó dín in kù. Ọmọ ò lè báni jà. Owó tó ń ba ilé jẹ́ lèyí tí à ń ná torí pé ẹnì kan máa wò wá: aṣọ ẹbí, sùfẹ́níà, ìpápánu tí a máa kó lọ sílé ìwé lọ́jọ́ ìbí ọmọ, fóònù tuntun nígbà tí ti àtijọ́ ṣì ń dún ketekete. Ẹ mú ìwé, ẹ kọ gbogbo ohun tó jáde lọ́wọ́ yín lóṣù tó kọjá, kí ẹ wá bi ara yín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ká ní kò sẹ́ni tó máa rí i, ṣé a máa rà á? Oúnjẹ, oògùn, gáàsì, owó ilé ìwé, wọ́n á yege. Àwọn tí kò bá yege lẹ máa gbé ọ̀bẹ sí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò aṣọ ẹbí fún yín, torí ọwọ́ mi ló ń gbà kọjá. Wọ́n á ní léèsì yáàdì márùn-ún, wọ́n á dá iye lé e, ẹ̀yin á sì rò pé iye tẹ́ ẹ máa ná nìyẹn. Ó kù o. Aṣọ tí a máa fi tẹ́ inú rẹ̀ wà, síìpù wà, owó rínrán wà. Ẹni tó bá fẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán láyà aṣọ á san tìyẹn lọ́tọ̀. Gèlè ò sí lára owó léèsì, ẹni tó máa wé e náà ń gbowó. Bàtà àti báàgì gbọ́dọ̀ bá a mu. Owó mọ́tò dé Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìpẹru, àlọ àti àbọ̀. Owó tẹ́ ẹ máa ná olóde lójú agbo. Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, owó aṣọ fúnra rẹ̀ lè má ju ìdajì lọ. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Mo ti rán aṣọ fún òṣìṣẹ́ tí gbogbo owó oṣù rẹ̀ wọ inú òde ẹyọ kan, tó sì tún jẹ mí ní owó rínrán kù. (Mo gbà á nígbẹ̀yìn, àmọ́ a kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín síra wa mọ́.)

Àwa Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sì ni, òde ò ní yé wà. Ẹni tó bá ní kí ẹ máa sọ pé ẹ ò lọ, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò gbé láàárín èèyàn. Ibi tí ẹ máa lọ àti bí ẹ ṣe máa lọ ni iṣẹ́ wà.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, owó ọkọ wà lọ́tọ̀, ti ìyàwó wà lọ́tọ̀, a ń fúnni ní owó oúnjẹ, ó parí. Mi ò ní kí ẹ tú àpò yín sílẹ̀ fún ara yín. Ilé tó ti ibẹ̀ dàrú kì í ṣe kékeré. Ohun tí èmi àti ọkọ mi ṣe ni pé a fi ìwé kan sórí fíríìjì, ìnáwó òde nìkan ló wà nínú ẹ̀. Ìpè tó bá dé, ìbáà jẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹbí tèmi tàbí tiẹ̀, ẹgbẹ́ tèmi tàbí tiẹ̀, a máa kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn. Kò pẹ́ tá a bẹ̀rẹ̀ tí àṣírí fi tú: òde kan náà ni àwa méjèèjì ń dáwó sí, òun gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi gba ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹnì kìíní ò sì mọ̀ nípa ẹnì kejì. A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín ìdùnnú.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá jẹ́ tiwa gan-an, tó jẹ́ pé tí ilẹ̀ bá mọ́ a máa wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, a máa mú aṣọ rẹ̀. Àwọn ojúlùmọ̀, gèlè tàbí fìlà nìkan. Àwọn tó kù, a máa lọ kí wọn pẹ̀lú aṣọ tó wà nílé, tàbí ká fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́yìn òde, nígbà tí ariwo ti lọ tí owó sì wúlò fún wọn jù. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni kéèyàn dákẹ́ títí aṣọ á fi délé rẹ̀ kó tó máa wá àwáwí. Ẹ tètè dáhùn kí wọ́n tó gé aṣọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan ní Ìpẹru fẹ́ sin ìyá ọkọ rẹ̀, ó fi àwòrán léèsì ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo pè é lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, a ti rí aṣọ, ó rẹwà. Gèlè àti fìlà la máa mú o. Àmọ́ ẹ fún mi níṣẹ́ tí mo máa ṣe lọ́jọ́ yẹn.”

Ó dákẹ́. Ó ní, “Ṣé kò sí nǹkan, ìyàwó wa?”

“Kò sí nǹkan, mà. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ló wà níwájú.”

“Ó dáa. Ìwọ ni kó o dúró ti àwọn alásè, kí wọ́n má baà kó ẹran wa lọ.”

Ìdí ìkòkò ni mo wà láti ìdájí, àǹkárá tí mo ti wọ̀ sú ni mo ró, gèlè tiwọn ló wà lórí mi. Abọ́ ẹran ò dín. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń sọ ọ́ títí dòní. Mi ò sì ní purọ́ fún yín, ẹnì kan láàárín wọn sọ lẹ́yìn mi pé Ìjẹ̀bú-Òde ti sọ mí di ahun. Ọ̀rọ̀ ahun tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn, ẹnì kan máa sọ ọ́. Ó dùn mí fún ìgbà díẹ̀, ó lọ. Ẹni tó sọ ọ́ kò sì bá mi san owó ilé ìwé.

A ò ṣíwọ́ fàájì o. Ọkọ mi wà nínú regbéregbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà ní Ìjẹ̀bú, ayẹyẹ Ojúde Ọba ò sì ṣeé fọwọ́ kàn nílé wa. Ẹni tó bá ní kí n gé ìyẹn, kó wá sọ fún un fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún là ń ná irú owó yẹn, a sì ń dá àjọ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣirò. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n sì fi ń ka Iléyá, kì í dúró lójú kan. Ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni. Ní 2025, ó ti sún wá sí ọjọ́ 8. Lọ́dọọdún ló ń fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá yá. Ẹni tó bá ń dá àjọ oṣù méjìlá gbáko láti ọdún dé ọdún, Iléyá á dé bá a kí alájọ tó kówó fún un, ibi àwìn nìyẹn. Oṣù mọ́kànlá ni kí ẹ bá alájọ yín sọ. Látìgbà tí àwòrán ọkùnrin kan tó gun ẹṣin ní Ojúde Ọba sì ti gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì ní 2024, àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan ti ń wá bá mi pé kí n rán aṣọ “bíi ti ẹgbẹ́” fún wọn. Mo ń rán an, iṣẹ́ mi ni. Ká ní àbúrò mi ni, mi ò ní jẹ́ kó ná owó rẹ̀ síbẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, díẹ̀ ni mo ní sọ. Ẹ̀ ń gbọ́ pé ríra nǹkan lọ́pọ̀ ló ń dín owó kù. Bẹ́ẹ̀ ni, fún gàrí. Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa tó sì gbẹ, tẹ́ ẹ bá dà á sínú ike tí ìdérí rẹ̀ mú, á pẹ́ kó tó bàjẹ́. Èmi àtàwọn aládùúgbò mi méjì la jọ ń ra àpò kan ní Òkè-Ajé, a máa fi kọ́ńgò pín in nílé. Àmọ́ ti indomí àti bisikíìtì, ẹ má tan ara yín. Ohun tí ọmọ bá ti mọ̀ pé páálí rẹ̀ wà nínú yàrá, kì í pẹ́. Wọ́n á jẹ ẹ́ láàárọ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ lálẹ́, ẹ̀dínwó yín á ti wọnú ikùn kí oṣù tó gbèrú. Nígbà tí ewùrà bá pọ̀ lọ́jà, ìkọ́kọrẹ́ là ń jẹ lọ́jọ́ Sátidé, ẹja díẹ̀, epo, ata, gbogbo ilé yó. Àwọn ọmọ mi ò tíì fura pé torí owó ni.

Fóònù ló le jù fún èmi. Lálẹ́ tí iṣẹ́ bá parí, tí ẹsẹ̀ ń ro mí, mo máa ń wo ohun táwọn ọlọ́jà gbé síta: abọ́, aṣọ ibùsùn, bàtà ọmọdé. Ohun tó bá wù mí, mo máa ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé òde, ó máa sùn síbẹ̀ di ọjọ́ tí mo bá gba owó àjọ. Wọ́n á ní “ẹyọ méjì ló kù o!” Ẹyọ méjì náà ló máa ń kù títí oṣù á fi parí. Ẹ jọ̀wọ́, owó tí wọ́n ń yáni lórí fóònù, ẹ má torí ohun tí ẹ máa wọ̀ fọwọ́ kàn án. Èlé rẹ̀ kì í ṣe kékeré, tó bá sì pẹ́, àwọn kan nínú wọn á máa fi àbùkù yín ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.

Àwọn ọmọ kì í le tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ má kàn máa sọ pé “kò sówó”, torí wọ́n rí yín pẹ̀lú léèsì tuntun ní Sátidé. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ bàtà tó ń tanná nídìí tó bá tẹlẹ̀. Ó bi mí bóyá a ò lówó ni. Mo ní a lówó, owó náà ti níṣẹ́ lọ́wọ́ ni, mo sì ṣí ìwé fún un. Ó wò ó, ó fi ìka kan ìlà kan, ó ní, “Màámi, ìpápánu ọjọ́ ìbí mi ńkọ́, ṣé kò lè di bàtà?” Èmi ò ronú kan ibẹ̀ rí. A ò kó nǹkan kan lọ sílé ìwé lọ́dún yẹn, a se ìrẹsì nílé, ó wọ bàtà rẹ̀ jókòó sídìí abọ́. Ọ̀gá kíláàsì rẹ̀ béèrè, ó ṣàlàyé fún wọn fúnra rẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ṣé kì í ṣe pé mò ń ba ọjà ara mi jẹ́ báyìí. Rárá. Àtúnṣe ti ń mú owó wọlé fún mi ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ, kì í sì í ní àwìn nínú. Tẹ́ ẹ bá ń rán aṣọ ilé ìwé, ẹ sọ fún télọ̀ yín kó ṣẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú dáadáa, kó sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tí ọmọ bá ga, a máa tú u, kò ní ká rà tuntun. Kẹ́ ẹ sì tó gbà láti ra léèsì kankan ní ìparí ọdún, ẹ kó èyí tó wà nínú àpótí yín síta, ẹ gbé e síwájú iná kí ẹ wo abẹ́ apá rẹ̀. Tí abẹ́ apá bá ṣì le, a lè tú bùbá yẹn ká tún un rán sí nǹkan mìíràn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n. Tí ibẹ̀ bá ti ń já, ẹ má ná owó kankan lé e fún ara yín mọ́. Ìró rẹ̀ nìkan tó aṣọ àwọn ìbejì.